"Ọwọ́ Yín Ló Ń Gbọ̀n": Ìrírí Mi Nípa Ìbọn Afẹ́fẹ́ Àwòkọ

Gbólóhùn kan wà tí àwọn tó ń ta ìbọn afẹ́fẹ́ àwòkọ mọ̀ ju orúkọ ìyá wọn lọ: "Ọ̀gá mi, ọwọ́ yín ló ń gbọ̀n." Ẹ gbé ìbọn padà fún wọn pé agolo lẹ fojú sùn, ògiri ni ọta lọ bá, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Èyí tó ń bí mi nínú jù níbẹ̀ ni pé ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ òótọ́. Púpọ̀ nínú ìbọn tí wọ́n ń gbé wá sórí tábìlì mi ní Kubwa, lágbègbè Abuja, bóòtù tó dẹ̀ tàbí ọta tí kò dára ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Àwọn yòókù, láti ilé iṣẹ́ ni irin wọn ti bàjẹ́ wá, ẹjọ́ ẹni tó tà á sì ni. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju bí èèyàn ṣe lè ya méjèèjì sọ́tọ̀, kí ó sì ní ẹ̀rí lọ́wọ́ kó tó lọ jà.

Ìbọn onísípíríǹgì ni mò ń wí, èyí tó ní lífà gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí lábẹ́ ọ̀pá rẹ̀. Ẹ fa lífà yẹn, yóò ti písítìnì sẹ́yìn, sípíríǹgì yóò ká jọ. Ẹ fa tírígà, písítìnì yóò sáré síwájú nínú sìlíńdà, yóò fún afẹ́fẹ́ pọ̀, afẹ́fẹ́ yóò sì ti ọta jáde. Àwọn ará Jámánì ni wọ́n sọ irú ìbọn yìí di ohun iyì; Diana ti wà láti 1890, Weihrauch láti 1899. Àwòkọ tó wà lọ́jà jọ tiwọn lójú débi pé èèyàn lè ṣì í mú. Ohun tí wọn kì í rí wò kọ ni iṣẹ́ àṣekágbá: ẹnu ọ̀pá tí wọn kò gé gún, ihò tí wọn kò ha ẹ̀gún irin kúrò lára rẹ̀, igi tí kò jókòó dáadáa sára irin.

Lágbègbè Abuja, àwọn tó ní oko adìẹ ní Kuje àti Gwagwalada ló sábà máa ń wá irú rẹ̀, nítorí èkúté àti ẹyẹ tó ń jẹ oúnjẹ adìẹ bí ẹni pé àwọn ni wọ́n rà á. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ohun ìṣeré ọmọdé ni. Òfin ìbọn ilẹ̀ wa ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ àwọn tó ń gba ìwé àṣẹ. Ẹ gba ìwé kí ẹ tó san owó, kí ẹ má sì gbé e sí àyè ìjókòó ọkọ̀ gba ọ̀nà tí ọmọ ogun dúró sí.

Bóòtù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ìbọn onísípíríǹgì máa ń gbọ̀n rìrì ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá yìn ín, gbígbọ̀n yẹn ló sì ń tú bóòtù tó de igi mọ́ irin. Méjì ló sábà máa ń wà níwájú, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan igi, ọ̀kan tàbí méjì sì wà lábẹ́, níbi tírígà. Tí ọ̀kan bá dẹ̀ díẹ̀ péré, ihò tó ti kóra jọ ní ìwọ̀n owó ẹyọ yóò fẹ̀ di àwo. Níhìn-ín ni ọyẹ́ ti ń dá kún ọ̀rọ̀ wa ju ti àwọn ará Èkó lọ. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, afẹ́fẹ́ Abuja gbẹ débi pé igi ìbọn náà ń gbẹ, ó ń súnkì. Bóòtù tí ẹ fún le nínú òjò yóò dẹ̀ nínú ọyẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo máa ń lo áláǹkíì tàbí sikurúdíráfà tó wọ orí bóòtù dan-in dan-in, nítorí irin bóòtù àwòkọ rọ̀, orí rẹ̀ sì tètè ń jẹ. Mo máa ń yọ bóòtù kọ̀ọ̀kan, mo máa ń fi sípíríìtì nu epo kúrò lára ilà rẹ̀, mo máa ń kán ẹyọ gọ́ọ̀mù ìdè bóòtù aláwọ̀ búlúù kan sí i. Búlúù ni o, kì í ṣe pupa. Pupa kò ní tú mọ́ àfi tí ẹ bá fi iná yọ́ ọ. Lẹ́yìn náà mo fi wọ́ṣà elẹ́yín sábẹ́ rẹ̀, mo fún un títí tó fi dúró, mo sì fi ìdá kan nínú mẹ́jọ ìyípo kún un. Ẹ má fi agbára ọkùnrin sí i, igi ni yóò fọ́ sínú. Paríparí rẹ̀, mo máa ń fi kútẹ́sì fa ilà tín-ín-rín láti orí bóòtù wọ ara igi. Ọjọ́ tí ilà náà bá já sí méjì, bóòtù ti yí nìyẹn, ẹ kò sì nílò irinṣẹ́ kankan láti mọ̀ ọ́n. Ẹ máa wò ó ní gbogbo ọta ọgọ́rùn-ún nígbà tí ìbọn bá ṣì jẹ́ tuntun.

Lẹ́yìn bóòtù, ọwọ́. Ìbọn yìí kì í dúró de ọta kó jáde tán kó tó ta padà. Bí písítìnì ṣe ń lọ síwájú ni gbogbo ara ìbọn ń lọ sẹ́yìn. Nígbà tí písítìnì bá dé òpin, ìbọn á tún já síwájú. Gbogbo èyí ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọta ṣì wà nínú ọ̀pá. Ẹni tó bá wá fún un mọ́ra bí ẹni di olè mú, agbára tó fi dì í lónìí yàtọ̀ sí ti àná, ibi tí ọta ń lọ náà yóò yàtọ̀. Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, kí ìbọn jókòó lé e láìdì í, ní ojú kan náà nígbà gbogbo; mo fẹ́ràn iwájú ibi tírígà díẹ̀. Ẹ má gbé igi ìbọn lé tábìlì tàbí àpò iyanrìn ní tààrà. Ọwọ́ ni kó wà lórí àpò, kí ìbọn wà lórí ọwọ́. Tí ẹ bá ti fa tírígà tán, ẹ má gbé ojú kúrò, ẹ ka ení, èjì.

Àyẹ̀wò tó ń dá olùtajà lóhùn ni èyí tó kàn. Ẹ fi téèpù wọn mítà mẹ́wàá, ẹ má fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ẹ kun àmì dúdú tó fẹ̀ tó 10 mm sórí ìwé funfun, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí tí ẹ ti rọ aṣọ àkísà kún fọ́fọ́, kí àpò iyanrìn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má yìn ín sí búlọ́ọ̀kù tàbí irin ní tòsí; òjé máa ń ta padà, ojú ló sì máa ń wá, nítorí náà ẹ wọ awò ojú. Ẹ yin ọta mẹ́wàá sí àmì kan náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń yin mẹ́ta, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á máa yangàn. Mẹ́ta máa ń purọ́, márùn-ún náà máa ń purọ́ nígbà mìíràn, mẹ́wàá kì í sábà purọ́. Ẹ wọn ihò méjì tó jìnnà síra jù lọ láti etí òde sí etí òde, kí ẹ yọ fífẹ̀ ọta kan kúrò nínú rẹ̀, ìyẹn 4.5 mm tàbí 5.5 mm. Ìwọ̀n tèmi fún àwòkọ ni pé tí mẹ́wàá bá wà nínú 15 mm ní mítà mẹ́wàá, ẹ dúpẹ́ kí ẹ máa lọ. Láàárín 15 sí 25, ọta tó bá a mu lẹ kò tíì rí. Èyí tó bá ju 30 lọ lẹ́yìn tí bóòtù, ọwọ́ àti ọta ti dára, ẹ dá a padà.

Lẹ́yìn náà, kí ẹlòmíràn tó mọ ìbọn yìn mẹ́wàá pẹ̀lú ìbọn yín, kí ẹ̀yin náà yìn mẹ́wàá pẹ̀lú ìbọn tirẹ̀. Tí ihò yín bá kóra jọ lórí tirẹ̀, tí tirẹ̀ sì fọ́n ká lórí tiyín, ọ̀rọ̀ pé ọwọ́ yín ń gbọ̀n ti kú síbẹ̀.

Ihò náà máa ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá lè kà á. Tí wọ́n bá tò lọ sókè sódò, ẹ fura sí afẹ́fẹ́ tó ń jò tàbí epo tó ń jó nínú sìlíńdà, tàbí kẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ló ń sún lórí igi. Tí wọ́n bá pín sí agbo méjì, nǹkan kan ń mì: awò, ìyẹn gíláàsì ìfojúsùn orí ìbọn, tàbí bóòtù. Tí wọ́n bá ń rìn lọ sí apá kan díẹ̀díẹ̀, ìdè awò ló ń yọ̀. Tí wọ́n bá fọ́n ká bí àgbàdo tí wọ́n dà fún adìẹ, ọta ni, tàbí ẹnu ọ̀pá.

Ọta wá. Èyí tí wọ́n ń wọ̀n sínú ọ̀rá tà fún yín lọ́jà, oríṣi mẹ́ta ló lè wà nínú ọ̀rá kan. Òjé rọ̀; ìdí ọta tó rí bí yẹ̀rì máa ń tẹ̀ nínú ìrìn àjò, èyí tó bá sì tẹ̀ kò ní di afẹ́fẹ́ bákan náà. Ẹ yí wọn lórí gíláàsì, èyí tó bá ń tàkìtì ẹ yọ ọ́. Ẹ ra ti inú agolo, olórí roboto. Olórí ṣóńṣó lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n òun ni kì í sábà bá àmì. Fún 4.5 mm, èyí tó wọ̀n tó 8 grain (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìwúwo ọta) ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, fún 5.5 mm, 14 sí 15. Kí ẹ gbìyànjú oríṣi mẹ́ta, ó kéré tán, kí ẹ tó bú ìbọn. Ọ̀pá kan lè kórìíra ọta tí ọ̀pá kejì rẹ̀ láti inú páálí kan náà fẹ́ràn, mi ò sì tíì rí ẹni tó lè wò ó lójú kó sọ ìdí rẹ̀.

Ọ̀pá tuntun kún fún gíríìsì tí wọ́n fi ń dènà ìpẹtà. Ẹ má fi irin gbọ̀n ọ́n. Okùn ẹ̀rọ ìgékoríko, ìyẹn okùn róbà yẹn, ni mo máa ń ṣẹ́ po sí méjì. Màá fi aṣọ funfun kékeré sí ojú ibi tó ṣẹ́ po, màá sì fà á láti ìdí lọ sí ẹnu títí aṣọ yóò fi jáde ní funfun. Lẹ́yìn fífọ̀, ọta ogún sí ọgbọ̀n àkọ́kọ́ kò ṣeé fi ṣe ẹ̀rí. Òjé ní láti kọ́kọ́ tẹ́ ara rẹ̀ sínú ilà ọ̀pá. Ní ti ẹnu ọ̀pá, ẹ mú òwú, kí ẹ rọra fà á yí etí ihò náà ká. Tí òwú bá gbọ̀n, tí ó há, ẹ̀gún irin wà níbẹ̀, ẹ̀gún yẹn sì ń ti ọta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó ṣe ń jáde. Ẹ ya fọ́tò òwú tó há síbẹ̀.

Ẹ dúró díẹ̀ níbí o. Ẹ̀gún yẹn ṣeé tún ṣe: bóòtù idẹ olórí roboto lẹ́nu díríìlì, pẹ̀lú péésìtì tí mẹkáníìkì fi ń lọ fáàfù, kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì ṣe é. Ohun tí ẹ bá ṣe lára bóòtù àmúdè, ọta àti fífọ ọ̀pá kò lè ba ẹjọ́ yín jẹ́. Tí ẹ bá ti lọ ẹnu ọ̀pá, tí ẹ fáìlì tírígà, tàbí tí ẹ tú sìlíńdà, olùtajà ti rí ibi sá gbà: "Ẹ ti tú u." Yàtọ̀ sí ìyẹn, sípíríǹgì inú sìlíńdà wà ní fífún kódà nígbà tí ìbọn kò kó, ẹni tó bá yọ ọ́ láìní irinṣẹ́ tó ń dì í, àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni yóò gbà á.

Afẹ́fẹ́ tó ń jò rọrùn láti dá mọ̀. Ẹ ya tíṣù tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí ojú ibi tí ẹ ti ń ki ọta, kí ẹ yìn ín pẹ̀lú ọta nínú rẹ̀. Tí tíṣù bá fò, róbà ibẹ̀ ti jẹ tàbí kò bá a mu. Ẹ fi fóònù ká fídíò rẹ̀. Èéfín àti ariwo ńlá nínú ọgọ́rùn-ún ọta àkọ́kọ́ kì í ṣe àrùn, gíríìsì ilé iṣẹ́ ló ń jó. Tó bá ń bá a lọ, ẹ bi ara yín bóyá ẹnì kan ti ta epo sínú ihò afẹ́fẹ́. Epo ẹ́ńjìnnì àti WD-40 kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Wọ́n ń gbaná, wọ́n sì ń ba róbà písítìnì jẹ́. Eruku ọyẹ́ tó bá pò mọ́ epo lójú irin tó ń sún di iyanrìn ìlọbẹ.

Ẹ kò gbọdọ̀ yìn ín lófìfo. Ọta àti afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni tìmùtìmù písítìnì. Láìsí i, irin yóò gbá irin. Tí ẹ bá sì ń ki ọta, ẹ fi ọwọ́ kejì di lífà mú ṣinṣin. Ẹ má gbọ́kàn lé eyín ìdádúró inú àwòkọ, nítorí tó bá já, ìka ni yóò gbé lọ.

Awò ni ọ̀pọ̀ owó ń ṣègbé sí. Èyí tí wọ́n fi ṣe ẹ̀bùn sínú páálí, ti ìbọn tó ń ta sẹ́yìn nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ìbọn onísípíríǹgì ń ta sẹ́yìn, ó tún ń já síwájú, jíjá síwájú yẹn ló ń tú gíláàsì inú rẹ̀. Láti mọ̀ bóyá awò ló jẹ̀bi, ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ fi ojú irin ìbọn fúnra rẹ̀, ìyẹn irin kékeré ìfojúsùn orí ọ̀pá, yìn mẹ́wàá. Tí ihò bá kóra jọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ ti mú olè. Tí ìbọn kò bá ní ojú irin, ẹ fojú sun àmì kan, ẹ yìn ín. Ẹ yí awò ní ìró ogójì sí ọ̀tún (ìró ni "kẹ́" tó máa ń dún bí ẹ ṣe ń yí i), ẹ yìn ín. Ogójì sókè, ẹ yìn ín. Ogójì sí òsì, ogójì wálẹ̀. Ọta tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ padà sí ihò àkọ́kọ́. Ìró kan lórí ọ̀pọ̀ awò jẹ́ 7 mm ní yáàdì ọgọ́rùn-ún, èyí túmọ̀ sí pé kò tó 1 mm ní mítà mẹ́wàá. Ìró mẹ́rìnlá ló ń gbé ọta lọ 10 mm. Ọ̀pọ̀ èèyàn yí i ní ẹ̀ẹ̀mẹta, wọn kò rí ìyàtọ̀, wọ́n ní awò ti kú.

Ẹ̀sùn mìíràn ni pé wọ́n yí i dé òpin, ọta ṣì ń lọ sílẹ̀. Ọ̀pá ló dorí kodò sí ojú ibi tí awò jókòó lé, àwòkọ sì pọ̀ nínú ìyẹn. Ẹ má fi awò sílẹ̀ ní òpin yíyí rẹ̀, sípíríǹgì kékeré inú rẹ̀ ti dẹ̀ níbẹ̀, kò lè di gíláàsì mú mọ́. Ẹ gé ara agolo ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, èyí tó nípọn tó 0.1 mm, kí ẹ fi sábẹ́ awò nínú òrùka ẹ̀yìn tó dè é mọ́ ìbọn. Tí òrùka méjèèjì bá jìnnà síra ní 100 mm, ìwé agolo kan yóò gbé ọta sókè 10 mm ní mítà mẹ́wàá, 25 mm ní mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ẹ má fi ju méjì lọ, kí òrùka má bàa tẹ ara awò wọnú.

Tírígà kò ní gùn. Ẹ fi ìwọ̀n ẹrù tó ní ìkọ́ fà á, pẹ̀lú ọta nínú ìbọn àti ẹnu rẹ̀ sí páálí àmì. Èyí tó bá gba 3 kg lára ìbọn tí òun fúnra rẹ̀ wọ̀n tó 4 kg, kò sí bí kò ṣe ní fa ìbọn kúrò lójú àmì. Tí ó bá ní bóòtù àyípadà, ẹ yí i. Tí kò bá ní, ẹ má fáìlì rẹ̀. Irin tó ń di písítìnì mú ló wà níbẹ̀, tó bá yọ̀ fúnra rẹ̀, ẹnì kan ni yóò fara gbọgbẹ́.

Nọ́ńbà ńlá ara páálí náà, ẹ má jẹ́ kó wọ̀ yín lójú. 1,200 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan jẹ́ nǹkan bí 366 mítà. Ìró ohùn fúnra rẹ̀ ń sáré tó 352 mítà nínú ooru 35 ti Abuja. Ọta tó bá ń gba àdúgbò yẹn kọjá máa ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, nítorí náà tí nọ́ńbà yẹn bá jẹ́ òótọ́, kì í ṣe oore. Ó sì sábà jẹ́ ọta fúyẹ́fúyẹ́ tí kì í ṣe òjé ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Ó ku olùtajà. Mo ti rí i tí wọ́n ní kí oníbàárà fi owó ara rẹ̀ gbé ìbọn lọ sí Èkó. Mo ti rí i tí àmì búlúù WhatsApp wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsí èsì, tí wọ́n sì ń fi ìbọn tuntun sí sítétọ́ọ̀sì lójoojúmọ́. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ohun tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ rìsíìtì, pé ọjà tí wọ́n bá ti tà, àwọn kì í gbà á padà. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 kò fara mọ́ ìyẹn fún ọjà tó ní àbùkù, Abuja níbí sì ni àjọ FCCPC tó ń mójú tó o wà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ kọ lẹ́tà. Ẹ fi ẹnu sílẹ̀. Kí ó ní nọ́ńbà ara ìbọn, ọjọ́ tí ẹ rà á, iye tí ẹ san, ìwé àmì mẹ́wàá ti ọwọ́ yín àti ti ẹlòmíràn, orúkọ àti ìwọ̀n ọta mẹ́ta tí ẹ lò, fọ́tò òwú àti fídíò tíṣù. Ẹ béèrè ọ̀kan nínú mẹ́ta: àtúnṣe, pààrọ̀, tàbí owó padà. Ẹ fún wọn ní ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, nítorí èébú nìkan ni wọn yóò dáhùn.

Tí wọ́n bá gbà láti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má fọwọ́ sí ìwé pé ẹ ti gbà á kí ẹ tó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń dán ìbọn wò. Ẹ gbé téèpù, ìwé àmì àti agolo ọta tiyín dání. Kí ẹ̀yin yin mẹ́wàá, lẹ́yìn náà kí ẹ nà án sí ọmọkùnrin tó ní ọwọ́ yín ń gbọ̀n, kí òun náà yin mẹ́wàá tirẹ̀.